Ilẹ̀ Tí Àjàrà Ń Sùn Sí

Tí ẹ bá bi Tajinisa pé aago mélòó ló lù, òun náà á kọ́kọ́ bi yín pé ta lẹ fẹ́ lọ rí. Bó bá jẹ́ ìmáàmù tàbí aládùúgbò ni, á ní aago mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ báńkì, ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì ìjọba ni, á ní aago mẹ́wàá ti lù, ẹ tètè máa lọ. Kì í ṣe pé orí ìyá náà dàrú. Ní abúlé Karabulak, lẹ́bàá ìlú Turpan, aago méjì ló wà. Aago Bejin ni ìjọba ń lò, òun náà sì ni àwọn Han ń lò, ìyẹn ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà. Aago oòrùn ni àwọn Uighur ń lò, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn jìnnà sí Bejin débi pé oòrùn wọn máa ń fi wákàtí méjì gbáko pẹ́ ẹ́ jí. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò yìí lè dé ibi ìgbéyàwó lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ abọ́ tán.

Ohun tó wá ya abúlé lẹ́nu ni pé Tajinisa, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó ti ń ṣe ìṣirò yìí láti ìgbà ọmọge, ló fi wákàtí méjì pẹ́ dé ibi ìpàdé tó ṣe pàtàkì jù láyé rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ronú o. Àròjù ló ṣe é.

Sidik, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló ka ìwé ìpè náà sí i létí. Aago mẹ́wàá, ní ọ́fíìsì ilẹ̀, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1994.

"Àǹtí, aago Bejin nìyẹn o," Sidik wí.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ṣebí ọ́fíìsì ni."

"Wo ìwé yẹn dáadáa, Sidik. Èdè ta ni wọ́n fi kọ ọ́?"

"Èdè wa ni."

"Ọdúnkọ́dún tí wọ́n bá kọ̀wé sí mi, èdè tiwọn ni wọ́n máa fi ń kọ ọ́, tí màá máa wá ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún mi kiri. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi èdè mi pè mí, wọn ò sì ṣi orúkọ mi kọ. Ẹni tó bá fi èdè ẹni pe ni, aago ẹni ló fi ń pe ni. Ṣé ó yé ẹ?"

Kò yé Sidik, àmọ́ ó dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá Tajinisa jiyàn gbọ́dọ̀ ti jẹun yó kó tó bẹ̀rẹ̀, Sidik ò sì tíì jẹun.

Ọgbà àjàrà ló fa gbogbo wàhálà náà. Ìyá Tajinisa ló fi í sílẹ̀ fún un, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀ fún ìyẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í rí òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ gbóná tó ohun tí wọ́n lè fi din ẹyin, òtútù rẹ̀ sì lè pa igi dé gbòǹgbò. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ti ká èso tán, wọ́n á tú ẹ̀ka àjàrà kúrò lórí àtẹ̀gùn igi tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á rọra ká a, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú kòtò, wọ́n á fi erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Wọn kì í sọ pé àwọ́n sin ín. Wọ́n á ní àwọ́n ti tẹ́ ẹ sùn. Níparí oṣù kẹta, wọ́n á fọwọ́ hú u, wọ́n á jí i. Ní gbogbo ìgbà òtútù, àlejò tó bá wọ ọgbà náà kò ní rí ewé kan, kò ní rí igi kan. Ebè ló máa rí, bí ebè iṣu tí wọn ò tíì gbin nǹkan sí.

Irú àlejò bẹ́ẹ̀ ló wá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962. Ó fi okùn wọn ilẹ̀ náà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ òfìfo ni. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ni ín. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí gbogbo ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba lórí ìwé, Tajinisa àti ọkọ rẹ̀ sì ń ro ọgbà náà lọ. Ìgbà tí oko àwọn Han tó wà nísàlẹ̀ abúlé ń wá ilẹ̀ kún ilẹ̀ ni ẹnì kan lọ fa ìwé náà yọ. Wọ́n ní ilẹ̀ yẹn ṣófo nígbà tí wọ́n fi ta àwọn bàbá àwọn lọ́rẹ, àwọ́n sì fẹ́ gbà á báyìí.

Ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé nígbà ìkórè, ariwo ni wọ́n fi parí ẹ̀. Qiu Baoshan ló ṣojú fún oko. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

"Àwọn ọmọ ogun ọba wa ti ń ro ilẹ̀ yìí láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn!" ó pariwo.

"Nígbà tí wọ́n dé, ta ló fún wọn lómi mu?" Sidik dá a lóhùn. "Àbí iyanrìn ló kí wọn káàbọ̀?"

"Ìwé wà!"

"Sàréè wà!"

Ọ̀gá Meng, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, fi ìka di etí méjèèjì. Han lòun náà, àmọ́ kì í ṣe ará oko náà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìkankan nínú àwọn òkú tí ẹ ń pè yìí tó lè wá fọwọ́ síwèé. Ọ̀rọ̀ ọdún 1962 ni mo bi yín. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Kó wá sọ ohun tó rí."

Tajinisa kó àgbàlagbà mẹ́sàn-án sílẹ̀. Meng ka orúkọ wọn, ó ní ẹbí rẹ̀ ni gbogbo wọn.

"Ọ̀gá, ta ni kì í ṣe ẹbí mi ní Karabulak?" Tajinisa bi í. Òtítọ́ ló sọ, òtítọ́ ọ̀hún ló sì ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Meng kọ ẹlẹ́rìí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó dá ọjọ́ mìíràn, ó sì ní ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ náà, òun á tẹ̀ lé ohun tí ìwé 1962 bá sọ.

Kí ọjọ́ náà tó pé ni Tajinisa gbọ́ pé Baoshan ní ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, Suzhen, Meng ò sì ka ìyẹn sí ẹbí. Ọ̀rọ̀ náà dun Tajinisa wọ egungun.

Ìdí ni pé òun ló fi ìka ara rẹ̀ bọ́ Suzhen. Ọdún 1960 ni ìyàn lé Qiu Delu, bàbá Suzhen, kúrò ní ìpínlẹ̀ Gansu, òun, ìyàwó àti ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan tí orí rẹ̀ tóbi lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́. Baoshan ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nínú oyún nígbà náà. Ìyá Tajinisa ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ilé bíríkì oníhò tí wọ́n ń sá àjàrà sí ló fi wọ́n sí, ó sì ń fún wọn ní ògì àgbàdo nígbà tí kò tó fún àwọn tó ni ín. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀, àfi bó bá rí àjàrà gbígbẹ. Ìyẹn ni ìyá Tajinisa fi sọ ọ́ ní Uzum, tó jẹ́ orúkọ àjàrà lédè Uighur. Uzum dàgbà, ó ń sọ Uighur bí ẹni tí wọ́n bí sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, ó lọ́kọ nínú oko. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun àti Tajinisa ń fojú lásán kí ara wọn lọ́jà. Ní báyìí, ó tún fẹ́ wá jẹ́rìí.

"Oore kì í gbé," Sidik wí, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ rí i bó ṣe ń padà bọ̀."

"Pa ẹnu ẹ dé," Tajinisa wí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Sidik fà wọ́n dé ọ́fíìsì ilẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù, aago oòrùn. Inú Tajinisa dùn pé òun ò pẹ́. Ó fọwọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Bàbá Bawudun tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré pàdé wọn.

"Ìyá, ibo lẹ wà? Méjìlá ti fẹ́ lù níbí!"

 Tajinisa ò wo ojú Sidik, Sidik náà ò sì sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ni oore kan ṣoṣo tó ṣe láàárọ̀ náà.

"Ó ti parí nìyẹn," Tajinisa wí. "Ọgbà ìyá mi ti lọ."

"Ẹ wọlé, jọ̀ọ́! Wọn ò tíì parí," Bàbá Bawudun wí. "Obìnrin Han kan ló ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti dáná sí sítóòfù. Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ti ṣàìsàn, ó ti yá, ó ti bímọ méjì, wọn ò tíì kúrò ní Gansu. Mi ò rí ẹni tó lọ́rọ̀ lẹ́nu báyìí rí."

Yàrá náà gbóná. Meng fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n, bírò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú Baoshan ti pọ́n. Suzhen dúró láàárín wọn nínú kóòtù òwú rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ife tíì lọ́wọ́, ó ń wí pé:

"...èèpo igi náà ò wá rọ̀, ọ̀gá. Ìyá wa tún da omi sí i. Ó tún koná mọ́ ọn. Kò rọ̀. Ó wá rán mi pé kí n lọ bá ìyá olóko yá ọ̀bẹ, àmọ́ ọ̀bẹ ìyá olóko..."

Ó gbójú sókè, ó rí Tajinisa lẹ́nu ọ̀nà. Ó dákẹ́. Ó gbé tíì tó ti tutù náà, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ọ̀gá," ó wí, "mo ti parí ti èèpo igi. Ẹni tí mò ń dúró dè ti dé. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo bá wá."

Meng jókòó dáadáa. "Wákàtí méjì! Kí lo wá ń sọ láti àárọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Tajinisa. Uzum mọ̀ ọ́n. Ó ti rí àga rẹ̀ tó ṣófo ní aago mẹ́wàá Bejin, ó ti ṣe ìṣirò náà lórí, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ fa wákàtí méjì gùn bí ẹni ń na ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Tajinisa wá àga, ó jókòó.

"Ọmọ ọdún méje ni mí ní 1962," Suzhen wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹni tó wọn ilẹ̀ náà di orí okùn kan mú. Bàbá mi ló di orí kejì. Mo tẹ̀ lé e lọ. Òtútù mú lọ́jọ́ náà, mo wá fẹ́ gun ebè kan kí n máa fò lórí ẹ̀. Bàbá mi gbá mi létí. Ó ní, 'Má tẹ̀ ẹ́, ó ń sùn.'"

Meng mi orí sí i pé kó máa bá a lọ.

"Ọkùnrin yẹn wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó pariwo bi bàbá mi pé kí ló wà lábẹ́ àwọn ebè wọ̀nyẹn. Bàbá mi wò mí, ó wo ọkùnrin náà. Ó ní, 'Ilẹ̀ ni.' Ọkùnrin náà sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ilẹ̀ sì ni," Baoshan wí.

"Ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá wa yìí náà ló tẹ́ àwọn àjàrà yẹn sùn lóṣù méjì ṣáájú ìgbà yẹn, òun àti ìyá Màmá yìí ni wọ́n jọ ṣe é. Ògì ni wọ́n fi san owó iṣẹ́ fún un. Mo wà níbẹ̀, èmi náà lá ìkòkò ògì."

"Kí ló dé tí kò sọ ọ́?" Meng bi í.

"Ebi ni, ọ̀gá. Wọ́n ti sọ fún wa pé bí ilẹ̀ òfìfo bá wà, wọ́n á fún wa níbẹ̀. Bí kò bá sí, ká padà sí Gansu. Ìyá wa ti gbé ẹni yìí pọ̀n." Ó nawọ́ sí Baoshan. "Bàbá wa ò fẹ́ sin ín."

"Irọ́!" Baoshan fò dìde. "Òkú bàbá wa lò ń bà jẹ́ níwájú àwọn ẹni wọ̀nyí! Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ló ń jẹ́ 'ó ń sùn'? Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi!"

"Gbogbo ìgbà òtútù ló ń sọ ọ́ títí ó fi kú, Baoshan."

"Mi ò gbọ́ ọ!"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Èyí lọ ju ogún lọ. Ẹ má rò pé ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọkàn Tajinisa o. Ìbínú ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! Qiu Delu tó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀, tó ń pè é ní ìyá, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́! Ó ti fẹ́ lanu sọ̀rọ̀ nígbà tó rí i pé ọwọ́ méjèèjì ni Suzhen náà fi di ife tó ti ṣófo mú. Obìnrin náà ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí kò ní ilé àbúrò mọ́, kò ní ojú tó máa fi wo oko mọ́, ó sì tún ń dúró. Ìbínú náà yọ́ kúrò. Àjùmọ̀bí kò kan ti àánú, ẹni orí bá rán sí ni ló ń ṣe ni lóore. Tajinisa sunkún, kò sì bojú.

Meng fi bírò kan tábìlì. "Ọmọ ìyá méjì, ọ̀rọ̀ méjì. Mi ò lè kọ ìyẹn sílẹ̀. Inú fọ́ọ̀mù mi, ibi méjì péré ló wà: ilẹ̀ òfìfo tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Jíìpù ọ́fíìsì gbé wọn dé ọgbà. Òtútù ọjọ́ náà ń gé etí. Ebè nìkan ló wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní 1962.

"Ẹ ṣí ọ̀kan," Meng wí.

Tajinisa rò pé òun gbọ́ ọ dáadáa, àmọ́ ó ń retí pé òun ṣì í gbọ́. Àjàrà tí wọ́n bá jí láàárín òtútù, ikú ni. Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìlà ìsàlẹ̀, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ gbin àwọn tuntun sí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, á dùn ún, á sì tán.

"Èyí tó kéré ò lè jẹ́rìí ọdún 1962, Màmá," Suzhen wí jẹ́ẹ́.

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yí padà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibi tí èyí tó dàgbà jù wà, tí ìyá ìyá rẹ̀ gbìn lọ́dún tó wọ ilé ọkọ. Láti kékeré ni Tajinisa ti ń jẹ èso rẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀ títí tí Meng fi wúkọ́. Bó bá ṣí i, ó lè pa á. Bí kò bá ṣí i, gbogbo wọn á lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bismillah," ó sì fi ọkọ́ la erùpẹ̀ dídì náà. Nígbà tó kù díẹ̀, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fi èékánná parí ẹ̀.

Igi náà yọ, dúdú, ó lọ́ pọ̀, ó tóbi tó itan ọkùnrin. Bí atẹ́gùn ṣe kàn án báyìí, kóòtù kan já lé e lórí. Suzhen ti bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ń fi wé igi náà bí ẹni ń fi nǹkan wé ìkókó.

"Òtútù á pa ẹ́!" Tajinisa kígbe.

"Èmi máa rìn lọ sílé, Màmá. Òun ò lè rìn."

Meng kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí igi náà ká, ìka rẹ̀ ò kan ara wọn. Ọmọ àgbẹ̀ ni Meng kó tó di ọ̀gá. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún.

"Igi yìí dàgbà ju bàbá mi lọ," ó wí.

Ibẹ̀ ló ti kọ ọ́. Àwọn ìlà òkè, níbi tí àwọn igi àtijọ́ wà, jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń ro, ti Tajinisa ni. Àwọn ìlà ìsàlẹ̀, tí kò sí igi àtijọ́ kankan níbẹ̀, á lọ fún oko.

Tajinisa rò pé ọkọ òun ń gbọ́ ọ nínú sàréè. Òun àti ẹ̀ ni wọ́n fi garawa gbé omi sí àwọn igi kéékèèké wọ̀nyẹn.

"Wọ́n pín ohun tẹni sí méjì, wọ́n fún ni ní ọ̀kan," Sidik wí. "Ó kù kí wọ́n ní ká dúpẹ́."

"Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì," Tajinisa wí. "Mo mọ ẹni tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Wọ́n dá erùpẹ̀ padà sórí igi náà pẹ̀lú kóòtù lára rẹ̀. Tajinisa wọ ilé, ó gbé agbádá òtútù ọkọ rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n fi òwú sínú rẹ̀, tó ní bọ́tìnnì níwájú, ó sì fi wọ Suzhen pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.  Ó kàn ń di bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ọmọ náà wà ní ọlọ́dún márùn-ún.

Agbádá yẹn ni Suzhen wọ títí òtútù fi tán. Àwọn ará oko ń pè é ní ìyàwó Uighur. Baoshan ò yà sílé rẹ̀ mọ́, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ yà. Suzhen gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń lọ sọ́jà nínú agbádá náà.

Níparí oṣù kẹta, Tajinisa ránṣẹ́ pè é pé wọ́n fẹ́ jí àjàrà ní aago mẹ́jọ. Kò sọ aago ta ni. Suzhen dé ní aago mẹ́jọ oòrùn gẹ́lẹ́.

Igi ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Eku ti jẹ nínú òwú kóòtù náà, aṣọ rẹ̀ sì ń já lọ́wọ́. Ẹ̀ka kan ti dú, ó ti kú. Tajinisa ṣẹ́ ẹ, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó tú aṣọ tó kù. Ẹ̀ka méjì tó wà nínú rẹ̀ tutù, ojú kéékèèké aláwọ̀ ewé sì ti yọ lára wọn.

"Ó jí," Suzhen wí.

Tajinisa tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè. "Uzum, gbọ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi wúwo. Ìwọ lo mú wákàtí méjì tí mo fi ọgbọ́n orí mi sọnù, tó o dá a padà fún mi. Ìwọ lo bọ́ra fún igi ìyá ìyá mi. Ìyá mi fún ẹ ní ògì, àmọ́ ògì ò tó ìyẹn. Mo dúpẹ́. Ohun tó o bá gbìn ò ní kú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà mi ò ní tì mọ́ ẹ. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́." Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀.

"Àmín," Suzhen wí, tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó nu imú pẹ̀lú apá agbádá.

Wáyà tuntun ti pín ọgbà náà sí méjì. Lódìkejì rẹ̀, Baoshan dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì, òun nìkan. Òwú ni àwọn ará oko ń gbìn, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí àjàrà láàárín wọn. Ó ti ń wo àwọn obìnrin méjèèjì látàárọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó fẹ́ gba orí ebè kọjá sí òdìkejì.

Tajinisa rí i. Èrò tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kó tẹ̀ ẹ́, kó tẹ gbogbo wọn fọ́, kí oko rí ohun tí wọ́n jà fún. Kí èrò náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lédè Ṣáínà:

"Má tẹ̀ ẹ́, ó ń sùn!"

Ẹsẹ̀ Baoshan dúró lókè. Kò wo ibi tí ohùn ti wá. Ó kàn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, orí rẹ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ti lọ bo etí, bí ọmọdé tó ń retí ìgbátí bàbá rẹ̀.

 Ó pẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó.

"O ò gbọ́ ọ rí láyé ẹ, àbí?" Suzhen wí.

Baoshan gbé ṣọ́bìrì kúrò léjìká. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, kì í sì í ṣe ìbínú.

Tajinisa gbé wáyà náà sókè, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

"Ju ṣọ́bìrì yẹn nù," ó wí. "Á gé e. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí i. Má sì rò pé nítorí tìẹ ni o. Nítorí ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ìwọ, mi ò tíì dárí jì ẹ́."

"Ẹ ṣé, Màmá," Baoshan wí lédè Uighur, ó sì kúnlẹ̀.